MARY McLEOD BETHUNE: ỌMỌ TÍ ARÁNṢỌ RÁN NÍLÉ-Ẹ̀KỌ́

Lọ́dọọdún ni a ń rí ọmọbìnrin tí ó yege ìdánwò, tí ìwé ìgbàwọlé tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí kò rí ẹni tí yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún un. Baba lè ti kú, ata ni ìyá sì ń tà. Ìwé náà yóò wà nínú àpótí títí ọdún yóò fi yí po. Àwa tí a ti pẹ́ níwájú pátákó ìkọ̀wé mọ bí ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti í rí. Ìdí nìyí tí a fi gbé ìtàn obìnrin yìí wá fún yín.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1875 ni a bí Mary McLeod, nítòsí ìlú Mayesville ní South Carolina, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹrú ni Samuel àti Patsy, baba àti ìyá rẹ̀, kí ogun abẹ́lé tó parí ní 1865. Ọmọ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n bí, Mary sì ni ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Oko òwú ni tọmọdé tàgbà ilé wọn ń ṣe. Nígbà tí ìjọ Presbitéríà ṣí ilé-ẹ̀kọ́ sí Mayesville, òun ni àwọn òbí rẹ̀ yọ̀ǹda pé kí ó lọ. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń rin máìlì márùn-ún lọ, márùn-ún bọ̀. Ohun tí ó bá kọ́ ní ọ̀sán, a sì fi kọ́ àwọn ará ilé ní alẹ́.

Nígbà tí ó parí ìwé ibẹ̀, kò sí owó láti tẹ̀ síwájú. Ìbáaka tí ń fa ohun ìtúlẹ̀ wọn tún kú. Oko ni Mary padà sí. Lójú ènìyàn, ìwé ti parí fún un nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní Denver, ìlú tí ó jìnnà réré sí wọn, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Mary Crissman. Aránṣọ ni. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni ó fi ń jẹun. Ó pinnu láti máa yọ díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, kí ó fi kọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ní ìwé. Kò mọ ọmọ náà rí, wọn kò sì bá ara wọn tan. Emma Wilson, tí ó jẹ́ olùkọ́ Mary ní Mayesville, ni ó fa Mary kalẹ̀. Báyìí ni ó ṣe wọ Scotia Seminary ní Concord, North Carolina, ní 1888. Síbẹ̀, owó aránṣọ kò sọ ọ́ di ọmọ olówó. Ó ń fọ aṣọ, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná, ó ń nu ilẹ̀, kí owó lè pé. Ó jáde ní 1894, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ míṣọ́nnárì ní Chicago fún ọdún kan.

Áfíríkà wa yìí ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Àwọn tí ń rán míṣọ́nnárì dá a lóhùn pé kò sí àyè fún aláwọ̀ dúdú. Ó dùn ún púpọ̀, ṣùgbọ́n kò torí rẹ̀ fi iṣẹ́ Olúwa sílẹ̀. Ó di olùkọ́, ó sì fẹ́ Albertus Bethune ní 1898.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1904, ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Daytona, Florida. Dọ́là kan ààbọ̀ ni ó ní lọ́wọ́. Ọmọbìnrin márùn-ún ni ó fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọmọkùnrin tirẹ̀. Àpótí ni wọ́n fi ṣe tábìlì, igi jíjóná ni wọ́n fi ṣe pẹ́ńsù, omi èso igbó ni wọ́n sì fi ṣe tàdáwà. Ó ń ṣe páì ànàmọ́, ó ń tà á fún àwọn òṣìṣẹ́ láti fi rí owó ilé-ẹ̀kọ́. Ààtàn ni ilẹ̀ tí ó rà, orí rẹ̀ ni ó sì kọ́lé sí. Ní 1923 ilé-ẹ̀kọ́ náà pa pọ̀ mọ́ Cookman Institute, tí í ṣe ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa. Yunifásítì ni ó dà lónìí.

Kò gbàgbé ibi tí a ti gbé e wá. Láàrin ọdún 1936 sí 1943, ó ṣiṣẹ́ ní National Youth Administration, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláìní ní iṣẹ́ ṣe kí wọ́n lè rí owó ìwé. Òun ni ó ń bójú tó ti àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Ní 1952 ìjọba Amẹ́ríkà rán an lọ sí Làìbéríà, nígbà tí Ààrẹ Tubman tún gorí àléfà. Ẹni tí wọ́n ní kò sí àyè fún ní Áfíríkà fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà pẹ̀lú ọlá. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1955. Ní 2022 wọ́n gbé ère rẹ̀ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington.

Ẹ̀yin ìyá, Mary Crissman kò ní ère níbẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà nínú gbogbo iṣẹ́ náà, bí ti Tàbítà ará Jọ́pà. Kò gbìyànjú láti kọ́ gbogbo ọmọ ayé. Ọmọ kan ni ó mú, kò sì fi í sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà. Ibẹ̀ ni àwa máa ń kùnà. A lè dá owó aṣọ ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n tí a bá fún ọmọ aláìní ní owó lẹ́ẹ̀kan, a ó ka ara wa sí ẹni tí ó ti ṣe é tán. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun ẹ̀ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá yan ọmọbìnrin kan, tí olùkọ́ rẹ̀ lè jẹ́rìí sí, tí òun náà sì ṣe tán láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, tí a ń san díẹ̀ ní oṣooṣù títí yóò fi jáde, ìwé kan yóò kúrò nínú àpótí.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.