Leslie Brown àti Àwọn Ẹyẹ Adágún Káún

Ilẹ̀ Índíà ni a bí Leslie Brown sí ní ọdún 1917, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì ni àwọn òbí rẹ̀. Ní ọdún 1940 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán an wá sí Nàìjíríà láti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, wọ́n gbé e lọ sí Kẹ́ńyà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni owó oṣù rẹ̀ wà fún, ṣùgbọ́n ẹyẹ ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ibikíbi tí iṣẹ́ bá gbé e dé, ìtẹ́ idì àti ti àṣá ni yóò máa wá kiri.

Ní apá ìlà-oòrùn Áfíríkà, àwọn adágún kan wà tí omi wọn kò ní ọ̀nà àbájáde. Omi gbígbóná a máa gbé káún láti abẹ́ ilẹ̀ wọ inú wọn. Oòrùn a fa omi gbẹ, káún a sì ṣẹ́kù. Irú káún tí àwọn ìyá wa ń bù díẹ̀ sínú ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀, òun ni ó tẹ́ lọ bí pápá ní Adágún Natron, ní ilẹ̀ Tànsáníà, lẹ́bàá ààlà Kẹ́ńyà.

Lórí irú omi bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ flamingo ti ń jẹun. Ó gùn lẹ́sẹ̀, ó gùn lọ́rùn, ara rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, àgógó rẹ̀ ni ó sì fi ń sẹ́ ohun wínníwínní aláwọ̀ ewé tí ń hù nínú omi náà. Wọ́n pọ̀ ju àádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ, síbẹ̀ kò sí onímọ̀ kan tí ó lè sọ ibi tí wọ́n ti ń pa ọmọ.

Ní ọdún 1954, Brown wà nínú ọkọ̀ òfurufú nígbà tí ó rí ìtẹ́ wọn láàárín Natron. Rírí láti òkè kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi ẹsẹ̀ wọ inú adágún náà. Ìgboyà ni, ṣùgbọ́n kò ro ìrìn náà dé òpin. Ẹrẹ̀ gbígbóná wà lábẹ́ èèpo káún tí ó dà bí ilẹ̀ líle. Bí ó ti ń gbé ẹsẹ̀ kan ni èkejì ń rì. Oòrùn ń pa á, káún sì ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú bàtà. Kò dé ìdí ìtẹ́ kankan tí ó fi ní láti padà. Agbára káká ni ó fi dé èbúté, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, ó sì pẹ́ ní ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti lẹ awọ tuntun mọ́ ẹsẹ̀ náà.

Ẹrẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á yìí gan-an ni odi àwọn ẹyẹ náà. Ìkookò kò lè là á kọjá. Ẹyin kan ṣoṣo ni flamingo ń yé, lórí òkìtì ẹrẹ̀ tí ó mọ fúnra rẹ̀. Ẹyẹ tí ó ń yé ẹyọ kan kò gbọdọ̀ fi í síbi tí ọwọ́ ọ̀tá lè tó. Brown kọ ìwé nípa wọn jáde ní ọdún 1959.

Ṣùgbọ́n odi náà lè di ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1962, àwọn flamingo lọ yé sí Adágún Magadi ní Kẹ́ńyà. Bí omi ibẹ̀ ti ń gbẹ, káún gan mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wọn bí ṣẹkẹṣẹkẹ̀, wọn kò sì lè rìn mọ́. Ọ̀pọ̀ kú. Alan Root àti àwọn mìíràn ń fi òòlù fọ́ káún náà ní ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún là. Ohun tí Brown àti Root rí ní Magadi ni wọ́n jọ kọ jáde ní ọdún 1971.

Brown fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 1963, ó sì gbájú mọ́ ìwé kíkọ. Kẹ́ńyà ni ó kú sí ní ọdún 1980. Ní ọdún 2001, a kọ Natron mọ́ àwọn omi tí àdéhùn àgbáyé ń dáàbò bò.