Bíṣọ́ọ̀bù Akínyẹlé: ó di ẹni ọdún 77 kí wọ́n tó fa dáyósíìsì lé e lọ́wọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan sọ lórí gúrúùpù wa pé Dáyósíìsì Ifẹ̀ ti Áńgílíkà kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Ìbàdàn. Ó ní o! Kí a tó ní bíṣọ́ọ̀bù tiwa, abẹ́ Ìbàdàn ni Ifẹ̀ wà, Alexander Babátúndé Akínyẹlé ló sì kọ́kọ́ jókòó sórí àga náà.

1875 ni wọ́n bí i ní Ìbàdàn. Josiah bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó tètè gba ìgbàgbọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn tí David Hinderer, ará Jámánì, ti mú iṣẹ́ ìyìn rere dé ìlú náà. Akínyẹlé kàwé dé Fourah Bay ní Sàró, òun sì ni ọmọ Ìbàdàn àkọ́kọ́ tó gboyè yunifásítì. Ní 1913, ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní Alẹ́kùsọ̀, ó sì ṣe ọ̀gá ibẹ̀ fún 20 ọdún. Ibẹ̀ ni Bólá Ìgè ti kàwé. (Ọọ̀ni Adérẹ̀mí náà dá Odùduwà College sílẹ̀ nílé wa ní 1932. Ohun kan náà ló wà lọ́kàn àwọn méjèèjì, lójú tèmi.)

Ní 1933, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, àmọ́ igbákejì ni, lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Èkó. Ibí yìí ló dùn mí jù. Láti ìgbà tí Ajàyí Crowther ti kú ní 1891, òyìnbó ni wọ́n ń fi ṣe olórí dáyósíìsì ní ilẹ̀ wa. Isaac Olúwọlé, Charles Phillips, James Johnson, igbákejì ni gbogbo wọn. Igbákejì lè gbọ́wọ́ lé ọmọ ìjọ lórí, ó lè rin ìrìn àjò títí ẹsẹ̀ á fi wú, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń pe Sínọ́ọ̀dù, níbi tí àlùfáà àti ọmọ ìjọ ti ń jíròrò lórí owó àti iṣẹ́ ìjọ; ẹlòmíràn náà ló ń pín àlùfáà sí ìlú. Ọdún 19 ni Akínyẹlé fi wà nípò yẹn.

Nígbà tí ìjọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gba òmìnira tirẹ̀ ní 1951, pẹ̀lú Vining gẹ́gẹ́ bí Áṣíbíṣọ́ọ̀bù, ni wọ́n tó pín dáyósíìsì Èkó ní 1952. Odùtọ́lá gba Oǹdó àti Benin. Akínyẹlé gba Ìbàdàn, tòun ti Ifẹ̀, Iléṣà, Ọ̀ṣogbo àti Ọ̀yọ́. Ẹni ọdún 77! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jókòó lábẹ́ igi nígbà náà, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Isaac Babalọlá, àbúrò rẹ̀, fi Áńgílíkà sílẹ̀, ó di àgbà nínú ìjọ CAC, ó sì di Olúbàdàn ní 1955. Bíṣọ́ọ̀bù àti ọba látinú ilé kan ṣoṣo, ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ilé tí màmá ń lọ Áńgílíkà tí bàbá ń lọ CAC pọ̀ ní Ifẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ó fẹ̀yìntì ní 1957, ó sì kú ní 1968. Iléṣà kúrò lára Ìbàdàn ní 1974. Tiwa dé lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ní fọ́tò ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn wá sí Ifẹ̀ fún ìgbọ́wọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn màmá àgbà yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù àwọn ọ̀dọ́. A fẹ́ tọ́jú wọn kí ikán tó jẹ wọ́n.