Ìṣọ̀lá Oyènúsì: Láàárín Ìtàn àti Sinimá

Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1971, wọ́n so Ìṣọ̀lá Oyènúsì àti àwọn mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ òpó ní etíkun Bar Beach ní Èkó, àwọn ọmọ ogun sì yìnbọn pa wọ́n. Wọ́n ṣírò àwọn tí ó wá wòran sí nǹkan bí 30,000. Ẹni tí ó bá ti Ẹ̀pẹ́ gba ọ̀nà Lẹ́kì wọ Victoria Island lónìí kò ní bá etíkun náà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ Eko Atlantic ti gba ibẹ̀. Orúkọ ọkùnrin náà kò parẹ́ ní tirẹ̀.

Dókítà ni àwọn ènìyàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ara rẹ̀ joyè náà. Ní ti bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ olè jíjà, ìtàn tí ó gbilẹ̀ jù ni pé ní ọdún 1959, nígbà tí olólùfẹ́ rẹ̀ ń wá owó, ó já ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbà ní òpópónà Herbert Macaulay ní Yábà, ó pa ẹni tí ó ni ín, ó sì tà á ní 400 náírà. Ṣùgbọ́n oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1973 ni náírà dé. Pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná ní 1959. Èyí kò fi hàn pé irọ́ ni ìpànìyàn náà. Ó kàn fi hàn pé lẹ́yìn ikú Oyènúsì ni ìtàn náà gba ìrísí tí ó ní báyìí, àti pé ẹni tí ó ń sọ ọ́ ti fi ohun ìgbà tirẹ̀ bọ̀ ọ́.

Èyí tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ tí ó le ni ti ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ọdún 1971. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọlu ilé iṣẹ́ WAHUM ní Ìkẹjà, wọ́n kó owó lọ, wọ́n sì pa ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Nwi. Ogun abẹ́lé ti parí ní ọdún tí ó ṣáájú, ìbọn sì ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìgárá. Ìjọba Yakubu Gowon ti ṣe òfin 47 ti ọdún 1970, tí ó sọ ikú di ìjìyà adigunjalè. Ìdí nìyí tí kò fi pé oṣù mẹ́fà láti WAHUM dé ìdí òpó.

Ní ọdún 1977, Eddie Ugbomah gbé sinimá The Rise and Fall of Dr. Oyenusi jáde. Òun ni olùdarí, òun náà ni ó ṣe Oyènúsì. Ẹnikẹ́ni kò lè bá a wíjọ́ pé ó fi ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ sí àwọn olè lẹ́nu. Iṣẹ́ eléré nìyẹn. Àkọlé ni ó yẹ kí olùkọ́ yẹ̀ wò dáadáa. Ó fi Dókítà sílẹ̀ fún ọ̀daràn náà, ó sì pín ìgbésí ayé rẹ̀ sí ìgòkè àti ìṣubú, bí ẹni ń pìtàn ọba. Ìgòkè wo ni ti ẹni tí ó ń fi ìbọn gbowó?

Ní ti Nwi, ìwọ̀nba ohun tí ìtàn tí ń ti ẹnu dé ẹnu sọ ni pé ọlọ́pàá ni, àti pé ó wà ní WAHUM ní ọjọ́ náà.