Dókítà Edward Wilmot Blyden, Olùkọ́ tí Kò Fẹ́ Kí Ìwé Sọ Wá Nù

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́dún yìí kì í ṣe ọmọ Ìsọlọ̀, kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Yorùbá. Òkun ni ó là wá sí Áfíríkà, Sàró ni ó sì kú sí. Síbẹ̀, bí a bá ń wádìí bí ọmọ Mùsùlùmí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé ìjọba ní Èkó láì fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀, àti bí àwọn Onígbàgbọ́ Èkó ṣe tún rántí orúkọ àti aṣọ àwọn bàbá wọn, a kò lè ṣàì dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí. Bí a bá ń mu omi, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó bá wa gbẹ́ kànga.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 1832 ni a bí Edward Wilmot Blyden ní erékùṣù Saint Thomas, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Dẹ́ńmákì nígbà náà. Ẹrú pọ̀ ní erékùṣù yẹn, ṣùgbọ́n òmìnira ni àwọn òbí tirẹ̀. Aránṣọ ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ sì ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ gbé ní Venezuela fún ìwọ̀n ọdún méjì, ibẹ̀ ni ó sì ti gbọ́ èdè Sípéènì.

Pásítọ̀ kan rí i pé ọmọ náà mú bí abẹ, ó sì ṣètò pé kí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní Rutgers ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1850 ni ó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò gbà á nítorí pé adúláwọ̀ ni. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣe òfin líle lórí àwọn ẹrú tí ó sá lọ, àní adúláwọ̀ tí ó jẹ́ òmìnira pàápàá ń bẹ̀rù pé a lè gbé òun tà. Kò pẹ́ tí Blyden fi wọ ọkọ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1851 ni ó sì dé Monrovia ní Làìbéríà. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Ilé-ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìwé kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ní sùúrù. Blyden kọ́ Látìnì, ó kọ́ Gíríìkì, ó sì fi ìyànjú ara rẹ̀ kọ́ Hébérù. Ó di olóòtú ìwé ìròyìn, ó di àlùfáà, ó di ọ̀gá ilé-ìwé. Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Làìbéríà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1862, ó wà lára àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1866 ó rin ìrìn-àjò lọ sí Íjíbítì àti ilẹ̀ Síríà kí ó lè mọ èdè Lárúbáwá dáadáa. Bí ó ti padà dé, ó fi èdè náà kún ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, nítorí ó rí i pé àìmọye adúláwọ̀ ní ilẹ̀ wa ni ó ti ń fi Lárúbáwá kàwé kí òyìnbó tó dé.

Kì í ṣe inú yàrá ìwé nìkan ni Blyden ti wá ọgbọ́n. Ní ọdún 1872 ó lọ sí Falaba, ní ọdún 1873 ó lọ sí Timbo ní ilẹ̀ àwọn Fúlàní, ó ń la igbó, ó ń gun òkè, ó ń sọdá odò. Ó rí àwọn ìlú tí ó létò, tí wọ́n ń dáko, tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n sì ní àwọn olùkọ́ àti ìwé tiwọn. Láti ìgbà náà ni ó ti gbà pé etí òkun kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ọmọ Áfíríkà ti máa kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó di olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ó sọ ọ́ ní gbangba ní ọdún 1881 pé ó yẹ kí a gbé e lọ sí ìgbèríko, níbi tí ọmọ yóò ti máa rí oko àti òkè, tí yóò sì máa gbọ́ èdè àwọn ará ilẹ̀ náà. Ó tún fẹ́ kí a gba àwọn ọmọbìnrin síbẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí ọmọ wa bá ń ka ìwé tí ó ń tàbùkù sí àwọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, yóò gba ìtàbùkù náà gbọ́ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà án lẹ́gba.

Nínú ìṣèlú, ayé kò fi bẹ́ẹ̀ dẹrùn fún un. Ó ṣe Akọ̀wé Ìjọba láti ọdún 1864 sí 1866, ó sì ṣe aṣojú Làìbéríà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1871 àwọn ọ̀tá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ní Monrovia, ó sì sá lọ sí Sàró. Ní ọdún 1885 ó díje fún ipò Ààrẹ, ó fìdí rẹmi. Ọdún 1887 ni ìwé ńlá rẹ̀ lórí ẹ̀sìn Kristi, ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ìran adúláwọ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó sọ nínú rẹ̀ pé Ìsìláàmù kò sọ adúláwọ̀ di ẹni tí ń kọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu ya àwọn òyìnbó, pàápàá nítorí pé ẹni tí ó ti ṣe àlùfáà Kristẹni ni ó kọ ọ́.

Òkìkí ìwé yìí ni ó ṣáájú rẹ̀ dé Èkó. Ní àkókò náà, inú ń bí ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ Èkó, nítorí ìyà tí àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ní agbègbè odò Ọya ní ọdún 1890. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1891, Blyden sọ àsọyé ní ilé-ìwé Breadfruit. Ó rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dá ìjọ tí yóò jẹ́ ti Áfíríkà sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn kan dá Ìjọ United Native African sílẹ̀. Nínú àwọn tí ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ rẹ̀ gidigidi ni àlùfáà Onítẹ̀bọmi tí ń jẹ́ David Brown Vincent, ẹni tí ó pa orúkọ yẹn tì ní ọdún 1894, tí ó ń jẹ́ Mọ́jọlà Agbébí títí ó fi kú. Ní ọdún 1894 kan náà, nígbà tí Gómìnà Carter wá ṣí Mọ́sálásí Shitta-Bey, Blyden wà láàrin àwọn àlejò pàtàkì.

Iṣẹ́ tí àwa olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé ni èyí tí ó ṣe ní ọdún 1896. Ìjọba Èkó ti fi í ṣe aṣojú fún ọ̀ràn àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Nígbà yẹn, ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé wà, àwọn òbí Mùsùlùmí kò sì fẹ́ rán ọmọ wọn lọ, kí a má baà tẹ̀ wọ́n bọmi kí a sì yí orúkọ wọn padà. Ẹ̀rù náà kò ṣàìnídìí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ ìwé kò ní lè ṣiṣẹ́ akọ̀wé, kò ní lè ka ìwé àdéhùn ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa kà á fún un. Blyden bá àwọn àgbà Mùsùlùmí sọ̀rọ̀, ó bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ní ọdún náà ni a ṣí ilé-ìwé ìjọba fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, Idris Animashaun sì ṣe olórí rẹ̀. A ṣí irú rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1898 àti ní Àgbádárìgì ní ọdún 1899. Ìwé òyìnbó wọlé, kéwú kò sì jáde.

Kò sí ẹ̀dá tí kò ní àbùkù. Blyden kórìíra àwọn tí ẹ̀jẹ̀ funfun àti dúdú pàdé lára wọn, ìkórìíra yìí sì bà á jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó tún gbẹ́kẹ̀ lé ìjọba àwọn òyìnbó ju bí ó ti yẹ lọ, ó rò pé wọn yóò tún ilẹ̀ ṣe, wọn yóò sì lọ. Ìtàn fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Láti ọdún 1901 sí 1906 ó bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn Mùsùlùmí ní Sàró. Ní ọdún 1908 ó tẹ ìwé lórí ìgbé-ayé àti àṣà Áfíríkà, ó sì fi hàn níbẹ̀ pé ẹbí ni ìpìlẹ̀ ìlú wa, àti pé ilẹ̀ wà fún ìlò gbogbo ẹbí, kì í ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo. Ó kú ní Freetown ní ọjọ́ keje oṣù kejì ọdún 1912. Ìsìn Kristẹni ni wọ́n ṣe fún un, àwọn Mùsùlùmí ni ó sì gbé pósí rẹ̀ dé itẹ́ òkú.

Ẹ̀yin ará wa, kí ni èyí kàn wá ní Ìsọlọ̀? Ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa fi dáko ti di ilé àti ilé-iṣẹ́. A kò lè gbé oko padà wá. Ṣùgbọ́n èdè ṣì wà lẹ́nu wa. Ní ọdún 2018 ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí a máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé-ìwé, òfin tí ó dára ni. Àmọ́ òfin kò lè sọ èdè nínú ilé fún wa. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ń rí àwọn ọmọ Ìsọlọ̀ tí wọn kò lè kí ìyá àgbà wọn tán kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu wọn, a sì ń rí òbí tí ó ń fi èyí yangàn. Kí ni a fẹ́ fi ìwé ṣe bí ó bá gba ọmọ lọ́wọ́ wa?

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ ìlọsíwájú wa pé kí ó ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìwé Yorùbá ní àwọn ilé-ìwé ìlú wa. A bẹ ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín ka ojú ewé yìí sókè sí yín létí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń kọsẹ̀. Ọmọ tí ó ń kọsẹ̀ ń rìn. Kí Ọlọ́run kí ó dá Ìsọlọ̀ sí, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀wé, kí wọ́n sì mọ ilé.