Harry Truman: Ààrẹ Amẹ́ríkà tó fẹ́ kí mẹ̀kúnnù rí ìwòsàn, tí àwọn dókítà kọ̀ fún un

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 30, oṣù keje, ọdún 1965, Lyndon Johnson tó jẹ́ ààrẹ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nígbà náà kó ìgbákejì rẹ̀, àwọn sẹ́nétọ̀ àti àwọn èèkàn ìjọba mìíràn sínú bàálù, ó di ìlú Independence ní ìpínlẹ̀ Missouri. Bàbá arúgbó ẹni ọdún 81 kan ni wọ́n lọ bá níbẹ̀. Òfin ìwòsàn fún àwọn àgbàlagbà, èyí tí wọ́n sọ ní Medicare, ni Johnson fẹ́ buwọ́ lù. Kò sí ohun tó ní kó má buwọ́ lù ú ní Washington tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó ní ìṣojú Harry Truman lòun ti máa ṣe é. Ogún ọdún ṣáájú ọjọ́ náà ni Truman ti bẹ̀rẹ̀ ìjà ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà lórí àléfà, ó sì fìdí rẹmi.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Truman. Ìlú Lamar, ní Missouri kan náà, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 8, oṣù karùn-ún, ọdún 1884. John, bàbá rẹ̀, ń dáko, ó sì ń ta ìbaaka. Ojú ọmọ náà kò ríran dáadáa láti kékeré. Martha ìyá rẹ̀ ló fura, tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó fún un ní awò ojú. Nígbà tó tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, àrùn ọ̀nà ọ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní difitéríà kọ lù ú. Láyé ìgbà náà, ẹ̀rù àrùn yìí máa ń ba àwọn òbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbà lọ́wọ́ wọn. Kò pa Harry, ṣùgbọ́n ó rọ ọ́ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, débi pé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń ti ọmọkùnrin ńlá bẹ́ẹ̀ kiri.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tún wá le ju tirẹ̀ lọ. Ní ọdún 1914, John ni alábòójútó títì ní àdúgbò Grandview, níbi tí oko wọn wà. Òkúta ńlá kan dí ọ̀nà, bàbá ní òun lòun máa gbé e, ó sì fi ara ṣèṣe nínú ikùn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Oṣù kọkànlá ọdún náà ló jáde láyé, ó fi oko àti gbèsè sílẹ̀ fún Harry, tó ti fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ ní ọdún 1906 wá bá a ro oko. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún un pé àìsàn olórí ẹbí lè da ilé rú.

Ogun Àgbáyé Kìíní gbé Truman dé ilẹ̀ Faransé, níbi tó ti jẹ́ ọ̀gágun kékeré tó ń darí àwọn tó ń yin àgbá. Nígbà tó padà dé ní ọdún 1919, ó gbé Bess Wallace níyàwó, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì ṣí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta fìlà àti ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin ní Kansas City. Ọjà kò tà, wọ́n ti ìsọ̀ náà pa ní ọdún 1922. Wọ́n ní kó kéde pé òun kò lè san gbèsè kí òfin lè gbà á sílẹ̀, ó kọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi san án díẹ̀díẹ̀.

Inú òṣèlú ló gbà jáde. Wọ́n dìbò yàn án sí ipò tí wọ́n ń pè ní adájọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Jackson, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kọ́ ni wọ́n ń dá níbẹ̀ o. Iṣẹ́ alága àti káńsẹ́lọ̀ ni. Títì, ilé ẹjọ́ tuntun, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó tí kò ní alábàárò, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. A kò ní í purọ́ mọ́ ọn, bàbá ìsàlẹ̀ òṣèlú Kansas City, Tom Pendergast, ló ń tì í lẹ́yìn, Pendergast yìí sì ṣẹ̀wọ̀n nígbẹ̀yìn nítorí owó orí tí kò san. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò rí owó ìlú kankan nínú àpò Truman. Ó di sẹ́nétọ̀ ní ọdún 1935, ó di ìgbákejì Ààrẹ Franklin Roosevelt ní oṣù kìíní ọdún 1945, nígbà tó sì di ọjọ́ 12, oṣù kẹrin, Roosevelt kú lójijì. Ọjọ́ 82 péré ni Truman fi ṣe ìgbákejì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ títí di òní ni bọ́ǹbù tó pàṣẹ pé kí wọ́n jù sí Japan ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ọ̀rọ̀ tiwa níhìn-ín ni ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 19, oṣù kọkànlá, ọdún 1945, ó kọ lẹ́tà sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó sọ fún wọn pé nígbà tí wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́ sí ogun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù márùn-ún ọkùnrin, láti ẹni ọdún 18 sí 37, tí wọ́n dá padà sílé nítorí àìlera, ìyẹn bí 30 nínú 100 àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Ó ní ìjọba ìbílẹ̀ bí 1,200 ló wà tí kò ní ilé ìwòsàn, tàbí tí èyí tí wọ́n ní kò pójú òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ènìyàn mílíọ̀nù 15 ló ń gbé níbẹ̀. Àwọn ará oko ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn, kí wọ́n tọ́jú aboyún àti ọmọ, kí ìjọba ná owó sórí ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kí wọ́n sì ran ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Èyí tó wá dá ìjà sílẹ̀ ni adójútòfò ìlera fún gbogbo ènìyàn.

Ẹni tó bá ti dá àjọ rí máa tètè lóye ohun tó fẹ́. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa dá díẹ̀ nínú owó rẹ̀ sínú àpò kan, kí ìjọba máa bójú tó àpò náà, ẹni tí àìsàn bá kọ lù nínú wọn, inú àpò yẹn ni wọ́n ti máa san owó dókítà àti ti ilé ìwòsàn rẹ̀. Fún tálákà tí kò ní nǹkan kan láti dá, ìjọba máa bá a dá a. Truman ṣàlàyé pé dókítà kò ní í di òṣìṣẹ́ ìjọba, aláìsàn ló máa yan dókítà tó wù ú, dókítà náà sì lè kọ̀ bí kò bá fẹ́. Òun ni ààrẹ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó fi irú ètò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn aṣòfin.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà, American Medical Association, ni kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ètò àwọn Kọ́múníìsì ni, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ti ń wo ara wọn bí ológbò àti eku ni wọ́n sọ̀rọ̀ yìí. Sẹ́nétọ̀ Robert Taft láti Ohio bá wọn gbè é. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1946, ẹgbẹ́ alátakò gba ilé aṣòfin méjèèjì mọ́ Truman lọ́wọ́, àbá náà sì sùn sílẹ̀.

Ẹ̀ka kan là já nínú rẹ̀, ti kíkọ́ ilé ìwòsàn. Lister Hill láti Alabama àti Harold Burton láti Ohio ló gbé e wá, Truman sì buwọ́ lù ú ní oṣù kẹjọ ọdún 1946. Owó òfin yìí ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sí àwọn ìlú kéékèèké tí kò ní rárá tẹ́lẹ̀. Òfin náà sọ pé ilé ìwòsàn tó bá gba owó gbọ́dọ̀ tọ́jú ìwọ̀n kan nínú àwọn tí kò lówó lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣe é. Àléébù kan tún wà níbẹ̀ tó burú gan-an. Àwọn aṣòfin ìhà Gúúsù fi gbólóhùn kan sí i tó gbà kí wọ́n fi owó ìjọba kọ́ ilé ìwòsàn tí kò ní í gba aláwọ̀ dúdú, bí wọ́n bá ṣáà ti kọ́ mìíràn fún wọn. Ọdún 1963 ni George Simkins, dókítà eyín aláwọ̀ dúdú kan ní ìlú Greensboro, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jọ pe ẹjọ́, fi ilé ẹjọ́ wọ́ gbólóhùn náà sọnù. Truman tó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ láàárín àwọn ológun ní ọdún 1948 ló buwọ́ lu òfin yẹn o. Bóyá ó rò pé bí òun kò bá gba díẹ̀, òun ò ní í rí nǹkan kan gbà.

Ìbò ọdún 1948 yà gbogbo ayé lẹ́nu. Àwọn ìwé ìròyìn ti sin ín kí ìbò tó dé, àmọ́ òun ló wọlé, ó sì tún gbé àbá adójútòfò dìde. Ìgbà yìí ni jìnnìjìnnì wá mú àwọn dókítà. Ẹgbẹ́ wọn bu dọ́là 25 lé ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí, wọ́n gba tọkọtaya kan láti California, Clem Whitaker àti Leone Baxter, tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí èrò ìlú padà. Ní ọdún 1949 nìkan, owó tí wọ́n ná tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. Wọ́n mú àwòrán àtijọ́ kan tí Luke Fildes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yà, níbi tí dókítà ti jókòó ti ọmọ kan tó ń ṣàìsàn lóru, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ pé kí ìjọba má dá sí i, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà. Ẹni tó ń ṣàìsàn, ta ló máa bá dókítà rẹ̀ jiyàn? Lẹ́yìn náà ni ogun Korea dé ní ọdún 1950, tó gba gbogbo ọkàn Truman. Àbá náà kú sílé aṣòfin, wọn kò tilẹ̀ dìbò lé e lórí.

Nígbà tí ìyẹn kò bọ́ sí i, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá ọ̀nà tiwọn. Ní ọdún 1942, nígbà ogun, ìjọba ti fòfin de àfikún owó oṣù, ṣùgbọ́n òfin náà kò ka owó adójútòfò mọ́ ọn, nítorí náà àwọn iléeṣẹ́ ń fi adójútòfò fa òṣìṣẹ́ mọ́ra. Nígbà tó di ọdún 1950, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní General Motors gba tiwọn. Bí adójútòfò ìlera ṣe so mọ́ iṣẹ́ oṣù ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńlá. Àgbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀, oníṣòwò kékeré, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì ni kò rí ibi forí pamọ́ sí.

Ti àwọn arúgbó yìí ni Oscar Ewing, ọ̀kan nínú àwọn èèkàn ìjọba Truman, dìde sí ní ọdún 1951. Ó ní bí gbogbo ènìyàn kò bá lè rí i gbà, kí àwọn tó ti lé ní ọdún 65 kọ́kọ́ rí ti ilé ìwòsàn gbà ná. Kò bọ́ sí i nígbà náà, ṣùgbọ́n irúgbìn Medicare nìyẹn.

Ní oṣù kìíní ọdún 1953, Truman kó ẹrù rẹ̀ padà sí Independence. Ààrẹ àná kò ní owó ìfẹ̀yìntì nígbà yẹn. Owó iṣẹ́ ológun rẹ̀, dọ́là 112 lé díẹ̀ lóṣù, ló ń gbà, ó sì ta nínú ilẹ̀ oko wọn kó tó di pé wọ́n ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì fún irú wọn ní ọdún 1958. Ó kọ ìwé ìtàn ara rẹ̀, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé nínú gbogbo ohun tí òun kò rí ṣe, ọ̀rọ̀ adójútòfò yìí ló dun òun jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1964, ó ṣubú ní balùwẹ̀ ilé rẹ̀, awò ojú rẹ̀ fọ́ gé e lójú, egungun ìhà rẹ̀ dá. Ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò dáadáa mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Bí Johnson ṣe bá a nìyẹn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Truman ni wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú Medicare ní gbogbo Amẹ́ríkà, Bess ìyàwó rẹ̀ ló ṣìkejì. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù keje, ọdún 1966, dọ́là mẹ́ta sì ni àgbàlagbà ń san lóṣù fún ti dókítà. Ilé ìwòsàn tó bá ń ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kò ní í rí kọ́bọ̀ gbà nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì mú kí ọ̀pọ̀ wọn ṣílẹ̀kùn kíákíá. Medicaid, ti àwọn tálákà, wà nínú òfin kan náà, àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ẹni tó máa jẹ àǹfààní rẹ̀.

Truman kú ní ilé ìwòsàn kan ní Kansas City ní ọjọ́ 26, oṣù kejìlá, ọdún 1972, lẹ́ni ọdún 88. Wọ́n sin ín sí àgbàlá ilé ìkówèésí rẹ̀ ní Independence. Òfin ọdún 1986 ní ilé ìwòsàn kò gbọ̀dọ̀ lé ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu nítorí àìlówó, òfin ti Ààrẹ Barack Obama sì dé ní ọdún 2010. Síbẹ̀, ní ọdún 2023, bí mílíọ̀nù 26 ènìyàn ni kò ní adójútòfò ìlera kankan ní Amẹ́ríkà. Missouri fúnra rẹ̀ kọ̀ láti mú Medicaid gbòòrò gẹ́gẹ́ bí òfin Obama ṣe là á sílẹ̀, àfìgbà tí àwọn ará ìlú dìbò fún un ní oṣù kẹjọ ọdún 2020.

Ní Kansas City, ilé ìwòsàn kan wà tó jẹ́ pé àwọn tí kò lówó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lọ síbẹ̀. Nígbà kan rí, méjì ni, ọ̀kan fún aláwọ̀ funfun, èkejì fún aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí wọ́n kọ́ tuntun ní ọdún 1976, orúkọ Truman ni wọ́n fi sọ ọ́, ó sì jẹ́ orúkọ náà fún ọdún 45.