Lise Meitner (1878–1968)

Ìlú Vienna ni a bí Lise Meitner sí. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní ọdún 1906, ó sì kọjá sí Berlin ní 1907. Ibẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé ní 1922 pé bí àyè bá ṣófo nítòsí kóró átọ́mù, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó jìnnà sí kóró a bọ́ sí i; agbára tí èyí tú sílẹ̀, dípò kí ó di ìtànṣán, lè ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn jáde. Ní 1923 ni Pierre Auger, ọmọ Faransé, tẹ àbájáde tirẹ̀ jáde. Auger kò jí i o. Òun náà dá ṣe tirẹ̀ ni. Síbẹ̀, orúkọ Auger nìkan ni a sábà fi ń pe ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà, èyí tí kò tọ́ lójú tèmi. Ní 1938, nítorí pé ìdílé Júù ni ó ti wá, Meitner sá kúrò ní Jámánì lọ sí Sweden. Cambridge ni ó kú sí.