Fadá Francis Aupiais: Ẹni tí ó kó Àwọ̀ Ilẹ̀ Dàhòmì Pamọ́

Bí ènìyàn bá dúró ní bèbè Odò Ọya ní ìlú Onitsha ní ìrọ̀lẹ́, tí ó kọ ojú sí ìhà Asaba níbi tí oòrùn ti ń wọ̀, yóò rí ilẹ̀ pupa, igbó tútù, àti omi tí ó ń dán bí idẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀. Ayafọ́tò tí ó bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ní ìbéèrè kan láti dáhùn: ṣé kí òun ya ibẹ̀ ní aláwọ̀ ni, tàbí kí òun yà á ní dúdú àti funfun? Àwọn kan gbà pé àwọ̀ ni ẹwà ilẹ̀. Àwọn mìíràn gbà pé àwọ̀ a máa tan ojú jẹ, àti pé ìmọ́lẹ̀ òun òjìji nìkan ni ó ń fi bí ilẹ̀ ṣe rí gan-an hàn. Lóde òní, bọ́tìnì kékeré kan ni ó ń parí àríyànjiyàn náà. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, owó ńlá àti sùúrù ni a fi ń yan àwọ̀. Ọkùnrin kan wà tí ó lọ́wọ́ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ilẹ̀ tí a kò bí i sí, tí iṣẹ́ náà sì kó wàhálà bá a. Fadá Francis Aupiais ni orúkọ rẹ̀, ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni a sì gbé wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí.

A bí Francis Aupiais ní ọdún 1877 ní Saint-Père-en-Retz, ìlú kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ní ìgbà èwe rẹ̀ ni ó wọ ẹgbẹ́ àwọn Fadá tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ọdún 1856 láti máa wàásù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 1902 ni wọ́n fi í jẹ àlùfáà. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Wídà ní Dàhòmì ní ọdún 1861, tí wọ́n tún wá sí Èkó lẹ́yìn náà. Àwọn ni wọ́n sì tẹ̀dó sí Asaba ní ọdún 1888, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn Fadá mìíràn ti wà ní Onitsha ní òdìkejì odò láti ọdún 1885.

Ọdún 1903 ni Aupiais dé Dàhòmì. Kò tí ì ju nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lọ tí àwọn ọmọ ogun Faransé ṣẹ́gun Abọ́mẹ̀, tí wọ́n sì lé Ọba Bẹ̀hánzìn kúrò lórí ìtẹ́. Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, ni Fadá yìí ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún tí ó lò níbẹ̀. Ìlú tí àwọn Gùn àti àwọn Yorùbá ti jọ ń gbé ni Àjàṣẹ́. Ó mójútó ilé-ìwé ìjọ Àgùdà níbẹ̀, ó sì fi etí sí ohun tí àwọn àgbà ìlú ń sọ.

Èrò ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà ni pé ènìyàn dúdú kò ní ìtàn, kò ní òfin, kò sì ní ẹ̀sìn kan tí ó tó ohun tí à ń pè ní ẹ̀sìn. Ohun tí Aupiais fi ojú ara rẹ̀ rí yàtọ̀. Ó rí ìdílé tí ó létò, ó rí ọba tí ó ní àwọn olóyè tí ń gbà á nímọ̀ràn, ó rí oríkì, ó rí ọ̀wọ̀ fún òkú ọ̀run. Ní ọdún 1925, ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ tí ó pè ní La Reconnaissance africaine. Ọ̀rọ̀ Faransé náà ní ìtumọ̀ méjì: kí a mọ ẹnì kan fún ẹni tí ó jẹ́, àti kí a moore. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn ni ó jẹ́ kí wọ́n máa kọ̀wé sínú rẹ̀ nípa ìṣe àwọn baba wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Paul Hazoumé, tí ó wá di òǹkọ̀wé ńlá.

Nígbà tí Aupiais padà sí ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1926, ó kó àwọn iṣẹ́ ọnà Dàhòmì dání. Ó ń gbé wọn láti ìlú dé ìlú, ó ń fi wọ́n han àwọn ènìyàn, ó sì ń ṣe àlàyé. Nínú ìrìn-kiri yìí ni òun àti Albert Kahn ti pàdé. Olówó ńlá ni Kahn, oníṣòwò owó ní Párísì. Láti ọdún 1909 ni ó ti ń fi owó ara rẹ̀ rán àwọn ayafọ́tò káàkiri àgbáyé, pé kí wọ́n lọ ya ilẹ̀ àti ènìyàn gbogbo ayé kí ọ̀làjú tó yí wọn padà. Ohun tí ó mú iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn ni pé fọ́tò aláwọ̀ ni ó ní kí wọ́n yà. Nígbà tí iṣẹ́ náà fi máa parí, awo dígí aláwọ̀ tí ó ti kó jọ jẹ́ nǹkan bíi 72,000.

Kí òǹkàwé tó lè mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kí a tún padà sí ẹ̀bá Onitsha. Ní ọdún 1910 sí 1911, Northcote Thomas, òyìnbó tí ìjọba amúnisìn gbà láti máa ṣe ìwádìí nípa ìṣe àwọn ènìyàn, rìn káàkiri agbègbè Awka. Ó ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò, dúdú àti funfun ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí nínú wọn ni àwọn ọmọ-ọmọ ti ń rí ojú àwọn baba ńlá wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè lọ́wọ́ fọ́tò bẹ́ẹ̀ pé irú àwọ̀ wo ni ilẹ̀ ní, kò lè dá wa lóhùn. Ọ̀pọ̀ awo dígí ìgbà náà ni kò tilẹ̀ rí àwọ̀ pupa dáadáa. Ilẹ̀ pupa a máa jáde bí ilẹ̀ dúdú, ojú ọ̀run tí ó rí bí aró títàn a sì máa jáde ní funfun báláú. Ẹni tí kò bá dé ilẹ̀ wa rí lè wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kí ó rò pé ilẹ̀ òkùnkùn ni, bí wọ́n ti ń pè é nígbà náà.

Awo tí Kahn ń lò ni a ń pè ní Autochrome. Ìlú Lyon, níbi tí a ti dá ẹgbẹ́ àwọn Fadá Aupiais sílẹ̀, ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière ti ṣe é. Wọ́n gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọdún 1903, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọdún 1907. Ìyẹ̀fun ànàmọ́ òyìnbó ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n a pa ìyẹ̀fun náà láró sí oríṣi mẹ́ta: àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé, àti elésè-àlùkò. Wọ́n a pò wọ́n pọ̀, wọ́n a fọ́n wọn sórí dígí, wọ́n a fi ẹ̀lú èédú dí àlàfo tí ó wà láàárín wọn, kí wọ́n tó wá fi oògùn tí ń gba àwòrán bò ó. Nígbà tí a bá gbé awo náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò gba inú ìyẹ̀fun aláwọ̀ wọ̀nyí kọjá, ojú yóò sì rí àwọ̀ bí ó ti wà lóko.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun rere tí kò ní ìnira tirẹ̀. Awo náà wọ́n. Awo kan, àwòrán kan ni, kò rọrùn láti tẹ ẹ̀dà rẹ̀. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ náà a máa dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà, nítorí náà ayafọ́tò ní láti ṣí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú oòrùn pàápàá. Ohun tí ó bá mira láàárín àkókò yìí yóò rú. Ilẹ̀ kì í sá, ògiri kì í jó, nítorí náà ojú ilẹ̀ àti ilé bá awo yìí mu. Ènìyàn ní láti dúró gbọn-in. Ẹni tí ó ń jó, ẹni tí ó ń lùlù, òrìṣà tí ó gun ẹlẹ́gùn ún, awo aláwọ̀ kò lè mú wọn. Fíìmù sinimá ni ó lè mú wọn, dúdú àti funfun sì ni fíìmù tí wọ́n gbé dání.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1930, Fadá Aupiais padà sí Dàhòmì, owó Kahn sì ni wọ́n fi ṣe ìrìn-àjò náà. Ayafọ́tò tí ó bá a lọ ni Frédéric Gadmer, ẹni tí ó ti ya fọ́tò fún àwọn ọmọ ogun Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Gadmer mọ ẹ̀rọ, Aupiais mọ ilẹ̀ àti ènìyàn. Wọ́n rìn fún oṣù díẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, awo aláwọ̀ tí wọ́n kó bọ̀ lé ní 1,000, yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe pín sí méjì láàárín àwọ̀ òun dúdú àti funfun. Ohun tí ó dúró jẹ́ ti àwọ̀: ilẹ̀ pupa, ògiri amọ̀, igi ńlá, ọjà, àti àwọn olóyè nínú aṣọ ńlá wọn. Ohun tí ń mira jẹ́ ti dúdú àti funfun: ijó, ètùtù àti ìsìn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Kò sí èyí tí ó lè dá nìkan sọ ìtàn Dàhòmì. Ẹni tí ó bá wo awo aláwọ̀ nìkan yóò rò pé ìlú tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ ni. Ẹni tí ó bá wo fíìmù nìkan kò ní mọ̀ pé aṣọ tí ń fò lẹ́lẹ́ nínú ijó náà ní àwọ̀ kankan.

Àwọn fíìmù yìí gan-an ni wọ́n mú ìjà wá. Ọ̀nà méjì ni Aupiais pín wọn sí. Ó pe ọ̀kan ní Dàhòmì onígbàgbọ́, èyí tí ó fi iṣẹ́ ìjọ Àgùdà hàn. Ó pe èkejì ní Dàhòmì ẹlẹ́sìn, èyí tí ó fi ìsìn vodun hàn. Pé kí Fadá pe ìsìn àwọn abọ̀rìṣà ní ẹ̀sìn, kí ó sì fi í hàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ju ohun tí àwọn kan nínú àwọn aláṣẹ ìjọ lè gbà mọ́ra lọ. Wọ́n bínú sí i. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá a lẹ́kun sísọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ náà ní gbangba. Ẹni tí ó ti ń rìn láti ìlú dé ìlú láti jẹ́rìí fún ènìyàn dúdú wá di ẹni tí a pa lẹ́nu mọ́. Ó jẹ́ ọmọ ìjọ tí ó mọ ìtẹríba, nítorí náà ó gba àṣẹ náà, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú.

Ní àkókò kan náà ni owó tán lọ́wọ́ Kahn. Ìdàrúdàpọ̀ ọrọ̀-ajé tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1929 gbá ọrọ̀ rẹ̀ lọ, iṣẹ́ fọ́tò náà sì dúró ní ọdún 1931. Òun náà kú ní ọdún 1940. Àwọn awo dígí náà wà nínú àpótí wọn ní Boulogne-Billancourt, lẹ́bàá Párísì, jìnnà réré sí àwọn tí a ya àwòrán wọn.

Àwọn ará Dàhòmì kò gbàgbé Aupiais. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, tí wọ́n ní kí Dàhòmì àti Tógò yan aṣojú lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Párísì ní ọdún 1945, Fadá arúgbó yìí wà lára àwọn tí wọ́n dìbò yàn. Ẹni tí wọ́n yàn pẹ̀lú rẹ̀ ni Sourou Migan Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́ tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tí ó sì di Ààrẹ Dàhòmì ní ọdún 1964. Ṣùgbọ́n ọlọ́jọ́ ń ka ọjọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945 yìí kan náà ni Aupiais kú, láìtí ì ráyè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Kútọnu ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Lẹ́yìn náà, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ń jẹ́ orúkọ Albert Kahn gbé àwọn àwòrán Dàhòmì ọdún 1930 jáde fún àwọn ènìyàn láti wò. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ilẹ̀ pupa náà ṣì pupa, ewé náà ṣì tutù.

Ẹ̀kọ́ wo ni a lè rí kọ́? Àkọ́kọ́ ni pé yíyàn láàárín àwọ̀ òun dúdú àti funfun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tí ó wu ojú nìkan. Ohun tí a kò bá yà ní aláwọ̀, a ti fi àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbàgbé. Ọjà ńlá Onitsha tí ó wà kí ogun abẹ́lé tó dé ní ọdún 1967 bá ogun náà lọ. Dúdú àti funfun ni púpọ̀ nínú fọ́tò ọjọ́ wọnnì, ìrántí àwọn àgbà nìkan ni ó sì kù tí ó lè sọ irú àwọ̀ tí aṣọ àti ìsọ̀ ní. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní àdán lọ́wọ́ kò ní àwáwí.

Èkejì ni pé àwòrán tí ó dára jù lọ kò wúlò fún ẹni tí kò rí i. Aupiais kó àwọ̀ Dàhòmì pamọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ni àwọ̀ náà kú láìfojú kàn án. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ní fọ́tò ìlú rẹ̀ nínú àpótí, ìbáà ṣe aláwọ̀, ìbáà ṣe dúdú àti funfun, kí ó kọ orúkọ ibẹ̀ àti ọdún tí a yà á sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì fi í han àwọn ọmọ nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé láti ṣe àlàyé rẹ̀.